Ipá Tí Ó Pamọ́ Sínú Igi Àjà

Bí ilé kan bá wó, ohun tí àwọn ará àdúgbò máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé ẹ̀bi ta ni. Àwọn kan á ní sìmẹ́ńtì ni kò pé. Àwọn mìíràn á ní iyanrìn náà ni kò dára. Àwọn kan á sì wò ó pé irin tí wọ́n lò ni ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Òótọ́ lè wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà tí kì í sábà wá sí ẹnu àwọn ènìyàn. Sìmẹ́ńtì lè pé, iyanrìn lè dára, irin lè nípọn kí ó sì pọ̀ tó, síbẹ̀ kí bákónì ilé náà ya lulẹ̀ ní ọjọ́ tí àlejò pọ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ kọnkéré ni wọ́n tẹ́ irin náà sí nígbà tí ó yẹ kí ó wà ní òkè. Irin kan náà ni, iye kan náà ni. Ibi tí wọ́n fi í sí nìkan ni ó yàtọ̀.

Kí ni ó mú kí òkè àti ìsàlẹ̀ ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò sí ní ojú kọnkéré. Inú rẹ̀ ni ó wà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹ̀hìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ẹrù tí a gbé lé orí igi àjà ni ọ̀tá ẹ̀hìnkùlé, gbogbo ènìyàn ni ó ń rí i. Ohun tí ó ń fa igi náà ya wà nínú igi fúnra rẹ̀, a kò sì lè mọ bí ó ti pọ̀ tó àfi kí a ṣírò rẹ̀. Ìṣirò yìí wà lára ohun tí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà máa ń kọ́kọ́ bá pàdé, kò sì le tó bí orúkọ rẹ̀ ti ń dún létí. Ẹni tí ó bá mọ ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò lè tọ̀ ọ́ dé ibi tí ó jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èjìká. Táyé àti Kẹ́hìndé ru ọ̀pá kan tí ó gùn ní mítà 4. Orí kan wà ní èjìká Táyé, orí kejì wà ní èjìká Kẹ́hìndé. Wọ́n so àpò àgbàdo kan tí ó wúwo tó kílò 60 rọ̀ sí ara ọ̀pá náà. Bí àpò bá wà ní agbedeméjì, kílò 30 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá sún sí ọ̀dọ̀ Táyé títí ó fi ku mítà 1 péré sí èjìká rẹ̀, Táyé yóò bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn, kò sì parọ́. Kò sí ọmọ tí ó ti bá ẹlòmíràn gbé ẹrù rí tí kò mọ̀ pé ẹni tí ẹrù súnmọ́ ni ẹrù ń wúwo fún. Ohun tí ẹnjiníà fi kún ìmọ̀ yìí ni iye rẹ̀. Kí a mú èjìká Táyé gẹ́gẹ́ bí ibi tí ọ̀pá náà ti lè yí. Kílò 60 tí ó wà ní mítà 1 sí i ń fẹ́ yí i pẹ̀lú ìyípo tí ó jẹ́ 60 lọ́nà 1, èyí tí í ṣe 60. Èjìká Kẹ́hìndé, tí ó wà ní mítà 4, ni ó gbọ́dọ̀ dá 60 yìí padà. Nítorí náà kílò 15 ni ó ń gbé, nítorí pé 15 lọ́nà 4 jẹ́ 60. Ìyókù, tí í ṣe kílò 45, di ti Táyé. (A gbójú fo ìwúwo ọ̀pá fúnra rẹ̀ ná. Níútìnì ni àwọn ẹnjiníà fi ń ka ipá, kílò 1 sì ń wúwo tó bíi níútìnì 9.8, ṣùgbọ́n kílò ni ọjà mọ̀, òun náà ni a ó sì lò níhìn-ín.)

Títí dé ìhín, ìta ọ̀pá ni a ṣì wà. Láti wọ inú rẹ̀, àwọn ẹnjiníà ní ọgbọ́n kan tí ó fẹ́ dà bí àlọ́: wọ́n á fi ọkàn gé ọ̀pá náà sí méjì, wọ́n á mú apá kan, wọ́n á sì béèrè pé kí ni ó yẹ kí ojú ibi tí a gé máa ṣe kí apá yìí má baà kúrò níbi tí ó wà. A kò mú ayùn kan ọ̀pá rárá. Kí a gé e ní ìdajì mítà sí èjìká Táyé. Apá kékeré tí ó wà lórí èjìká rẹ̀ kò ní ẹrù kankan lórí, bẹ́ẹ̀ ni èjìká ń tì í sókè pẹ̀lú ipá kílò 45. Bí kò bá sí ohun tí ó mú un, ńṣe ni ìbá fò sókè. Kò fò; nítorí náà ó ní láti jẹ́ pé apá ọ̀pá tí ó kù ni ó ń fà á sílẹ̀ ní ojú ibi tí a gé, kílò 45 géérégé ni ó sì fi ń fà á. Ipá yìí, tí ó ń fẹ́ kí ojú kan yọ̀ kọjá lára ojú kejì bí ìgbà tí ọ̀bẹ bá ń rẹ́ ilá, ni a lè pè ní ipá ìrẹ́.

Ọ̀ràn kò tán síbẹ̀. Ipá méjì tí ó dọ́gba, tí ọ̀kan ń lọ sókè ní èjìká, tí ìkejì sì ń bọ̀ nísàlẹ̀ ní ìdajì mítà sí i, yóò fẹ́ yí apá kékeré náà po bí ìgbà tí awakọ̀ bá ń fi ọwọ́ méjèèjì yí ọkọ̀. Ìyípo náà tó 45 lọ́nà ìdajì, èyí tí í ṣe 22.5. Síbẹ̀ ọ̀pá náà kò yí. Ó ní láti jẹ́ pé ojú ibi tí a gé ni ó ń dá ìyípo náà padà, ọ̀nà tí ó sì ń gbà ṣe é ni pé òkè rẹ̀ ń tì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fà. Ìyípo tí ọ̀pá ń dá padà láti inú ara rẹ̀ yìí ni a ó máa pè ní agbára ìtẹ̀. Òun ni ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé lára igi gígùn, òun ni ó sábà máa ń ṣẹ́ ẹ.

Kí a wá máa gbé ojú ibi tí a gé lọ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Táyé sí ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé. Ipá ìrẹ́ yóò dúró lórí 45 títí a ó fi dé ibi tí àpò àgbàdo wà. Bí a bá ti kọjá àpò, 60 yóò yọ kúrò nínú rẹ̀, yóò di 15 sí òdì kejì, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ dé èjìká Kẹ́hìndé. Agbára ìtẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ òdo ní èjìká Táyé, ó ń gòkè bí a ti ń lọ, ó di 45 níbi tí àpò wà, ó sì tún ń sọ̀kalẹ̀ títí ó fi di òdo ní èjìká Kẹ́hìndé. Ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ìṣirò rẹ̀ wò lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kejì: kílò 15 ti Kẹ́hìndé lọ́nà mítà 3 jẹ́ 45. Ó pé. Ẹ kíyè sí i pé ibi tí ipá ìrẹ́ ti yí padà sí òdì kejì gan-an ni agbára ìtẹ̀ ti ga jù. Kì í ṣe èèṣì. Ibi tí ẹnjiníà ti máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rù nìyẹn lórí igi àjà èyíkéyìí.

Bí wọ́n bá dá àpò náà padà sí agbedeméjì, agbára ìtẹ̀ níbẹ̀ yóò di 30 lọ́nà 2, ìyẹn 60. Táyé sinmi díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà ọ̀pá pọ̀ sí i. Ká ní pákó ni wọ́n rù, tí wọ́n sì tẹ́ kílò 60 kan náà káàkiri orí rẹ̀ lọ́gbọọgba ńkọ́? Èjìká kọ̀ọ̀kan ṣì ń gbé kílò 30. Bí a bá gé pákó náà ní agbedeméjì, èjìká ń fẹ́ yí ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú 30 lọ́nà 2, ṣùgbọ́n kílò 30 tí ó wà lórí ìdajì náà ń yí i padà, àárín ẹrù yẹn sì wà ní mítà 1 sí ojú ibi tí a gé. Nítorí náà 60 dín 30 ni ó kù, tí í ṣe 30. Ẹrù kan náà, gígùn kan náà, agbára ìtẹ̀ di ìdajì. Àwọn tí wọ́n máa ń to àpò sìmẹ́ńtì jọ sí ojú kan ní àárín dẹ́kìn tí kò tíì gbẹ dáadáa ìbá ṣe é ní ọ̀nà mìíràn bí wọ́n bá mọ èyí.

Wàyí o, kí ni agbára ìtẹ̀ ń ṣe sí ara igi? Olùkọ́ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti fi í han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kí ó wá fóòmù ìbùsùn tí ó nípọn, kí ó gé e ní gígùn bí àtẹ́rígbà, kí ó sì fi bíró fa ìlà tí ó dúró ṣánṣán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Kí ó gbé e lé orí àga méjì, kí ó sì fi ọwọ́ tẹ agbedeméjì rẹ̀. Àwọn ìlà náà yóò súnmọ́ ara wọn ní òkè, wọn yóò sì jìnnà sí ara wọn ní ìsàlẹ̀. Ní ibì kan láàárín, wọn kò ní súnmọ́, wọn kò sì ní jìnnà. Òkè ń fún pọ̀, ìsàlẹ̀ ń fà. Bí ó bá wá di ìdí fóòmù náà mú ṣinṣin sórí tábìlì, tí ó jẹ́ kí ìyókù nà jáde sí òfuurufú, tí ó sì tẹ ṣóńṣó rẹ̀, ohun gbogbo yóò yí padà: òkè ni yóò máa fà, ìsàlẹ̀ ni yóò máa fún pọ̀. Bákónì nìyẹn. Àwọn ọmọ kíláàsì yóò rántí fóòmù yìí pẹ́ ju bí wọn yóò ti rántí àwòrán tí wọ́n dà kọ láti ojú pátákó lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dẹ́rù bani ni bí ìfà yìí ti máa ń tóbi tó. Ọkùnrin kan tí ó wúwo tó kílò 60 dúró ní agbedeméjì pákó tí ó gùn ní mítà 4, tí wọ́n fi dábùú gọ́tà ńlá kan. Agbára ìtẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 60, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i. Pákó náà ni ó gbọ́dọ̀ dá 60 yìí padà, ipá ìtì tí ó wà ní òkè àti ipá ìfà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ sì ni ó ní láti fi ṣe é. Bí wọ́n bá gbé pákó náà dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, àárín ìtì àti ìfà yóò tó sẹ̀ǹtímítà 10, nítorí pé ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga pákó ni ó máa ń jẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́wàá mítà ni èyí. Nítorí náà ìfà gbọ́dọ̀ tó kílò 600 kí ìyípo rẹ̀ tó pé 60. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara kan tí kò ju kílò 60 lọ ni ó dúró sórí pákó, ṣùgbọ́n okùn igi tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń jìyà kílò 600. Bí wọ́n bá dà á dùbúlẹ̀, tí gíga rẹ̀ di sẹ̀ǹtímítà 5 péré, ìfà yóò di kílò 1,800. Pákó kò yí padà, ẹni tí ó dúró lórí rẹ̀ kò sanra sí i. Kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ó nílò ìṣirò yìí kí ó tó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ni a ń gbé igi òrùlé lé. Ojú ti fi hàn án, ọwọ́ sì ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọwọ́ kì í sọ iye, iye ni ó sì ń pinnu bóyá igi kan yóò tó tàbí kò ní tó.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò wọ̀nyí. Àwọn kan gbà pé irú ẹ̀kọ́ báyìí kò ṣeé fi Yorùbá sọ. Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ti dá irú wọn lóhùn. Ìtẹ̀, ìfà, ìfúnpọ̀, ìrẹ́: kò sí ọ̀kan tí a yá nínú wọn. Bíríkìlà tí ó wo òkè tí ó sì ní "bíìmù yìí ti tẹ̀" ti sọ ìdajì ohun tí ẹnjiníà mọ̀. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó ya àwòrán ilé àti ẹni tí ó ń to irin kì í fi èdè kan náà rò ó, bẹ́ẹ̀ àwòrán kò lè sọ fún ẹni tí ń to irin ìdí tí irin fi gbọ́dọ̀ wà ní òkè. Ẹni tí kò mọ ìdí ohun kan kì í pẹ́ yí i padà.

Galileo Galilei pàápàá kò dúró de èdè àwọn ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí ilé ẹjọ́ ìjọ Àgùdà dá a lẹ́bi ní Róòmù ní 1633 nítorí pé ó ní ayé ni ó ń yí oòrùn po, wọ́n há a mọ́ ilé rẹ̀ nítòsí Florence, ibẹ̀ ni ó sì ti parí ìwé kan lórí ìmọ̀ tuntun méjì. Wọn kò lè tẹ̀ ẹ́ ní Ítálì. Ní ìlú Leiden ní ilẹ̀ Hólàńdì ni ó ti jáde ní 1638, nígbà tí ojú Galileo ti fọ́. Ọ̀kan nínú ìmọ̀ méjèèjì náà ni bí àwọn nǹkan líle ti ń dènà kíkán. Ìjíròrò ọkùnrin mẹ́ta ni ìwé náà, Salviati, Sagredo àti Simplicio. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Látìnì wà ní apá kan rẹ̀, èdè Ítálì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ìtàn kan wà nínú ìjíròrò náà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ́lé gbọ́. Wọ́n tẹ́ ọ̀wọ̀n òkúta mábù ńlá kan sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, wọ́n sì fi ìtì igi méjì gbé e, ọ̀kan ní apá ìhín, ọ̀kan ní apá ọ̀hún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, oníṣẹ́ kan rò pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀wọ̀n náà kán ní agbedeméjì nítorí ìwúwo ara rẹ̀, ó sì dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi ìtì igi kẹta sí abẹ́ agbedeméjì. Inú gbogbo ènìyàn dùn sí ìmọ̀ràn náà. Ta ni kò mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà? Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ọ̀wọ̀n náà kán, orí ìtì igi kẹta gan-an ni ó sì ti kán. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú ìtì igi méjì àkọ́kọ́ ti jẹrà, ó sì ti rì wọlẹ̀, ṣùgbọ́n tàárín le koko, kò yẹsẹ̀. Ìdajì ọ̀wọ̀n náà wá nà sí òfuurufú láìsí ohun tí ó gbé e. Bí ó bá jẹ́ pé igi méjì nìkan ni ó wà níbẹ̀ ni, bí ọ̀kan bá rì, ọ̀wọ̀n náà ìbá bá a rì, kò sì ní sí ewu.

Ìwé náà kò ṣírò agbára ìtẹ̀ ọ̀wọ̀n yìí bí a ti ń ṣírò rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n a lè ṣe é. Kí a sọ pé ọ̀wọ̀n kan gùn ní mítà 8, tí ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 8, kí ìtì igi méjèèjì sì wà ní mítà 1 sí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Igi kọ̀ọ̀kan ń gbé tọ́ọ̀nù 4. Ní agbedeméjì, 4 lọ́nà 3 jẹ́ 12, ìwúwo ìdajì ọ̀wọ̀n, tọ́ọ̀nù 4, lọ́nà mítà 2 sì jẹ́ 8. 12 dín 8 ni 4. Ìsàlẹ̀ ni ó sì ń fà. Nísinsìnyí, kí igi kan rì, kí ti agbedeméjì gba gbogbo ìwúwo. Tọ́ọ̀nù 4 tí ó nà sí òfuurufú lọ́nà mítà 2 jẹ́ 8. Agbára ìtẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, òkè ni ó sì ń fà báyìí, níbi tí ó jẹ́ pé ìfúnpọ̀ nìkan ni ó ń mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ká tilẹ̀ ní orí ìpẹ̀kun gan-an ni igi méjì àkọ́kọ́ wà, iye náà ìbá jẹ́ 8 ní ìgbà méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú tí ó ń fà ìbá ṣì yí padà láti ìsàlẹ̀ sí òkè.

Ìṣòro mìíràn tún wà nínú igi kẹta tí ojú kì í tètè rí. Nígbà tí igi jẹ́ méjì, ìṣirò Táyé àti Kẹ́hìndé tó láti sọ ohun tí ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n di mẹ́ta, ìṣirò yẹn nìkan kò tó mọ́. Ìpín kọ̀ọ̀kan wọn wá di ohun tí ó wà lọ́wọ́ bí ilẹ̀ ti le tó lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti bí ọ̀wọ̀n fúnra rẹ̀ ti lè tẹ̀ tó. Bí ilẹ̀ bá rì díẹ̀ ní ibì kan, ìpín gbogbo wọn yí padà. Ẹni tí ó fi igi kẹta síbẹ̀ rò pé òun fi agbára kún agbára. Kò mọ̀ pé òun ti mú ohun tí a lè fi ìṣirò kékeré mọ̀ kúrò, òun sì ti fi ohun tí ilẹ̀ nìkan mọ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ó dùn mọ́ni pé Galileo tí ó sọ ìtàn yìí ṣì ìṣirò tirẹ̀ ṣe. Nípa igi tí wọ́n rì mọ́ ara ògiri, tí ẹrù sì rọ̀ sí ìpẹ̀kun rẹ̀, ó gbà pé gbogbo okùn inú igi náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ni ó ń fà bákan náà. Kò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀. Nítorí náà ó ka agbára igi sí ìlọ́po mẹ́ta iye tí ìṣirò tí a gbà lónìí fún un. Síbẹ̀ ó mọ̀ dájúdájú pé bí gíga igi bá di ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ìyẹn sì tọ̀nà. Àwọn ará Faransé ni wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà ṣe: Mariotte, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1686 lẹ́yìn ikú rẹ̀, Parent ní 1713, àti Coulomb ní 1773, ẹni tí ó fi ìdí ìfà, ìfúnpọ̀ àti ìlà àárín wọn múlẹ̀. Ọdún 135 ni ó gbà láti ọ̀dọ̀ Galileo dé ọ̀dọ̀ Coulomb kí a tó mọ ohun tí fóòmù ìbùsùn lè fi hàn wá ní ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀rọ̀ òkè àti ìsàlẹ̀ yìí kì bá tí ká ẹni tí ń fi igi gedú kọ́lé lára tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé igi lè fara da ìfà àti ìfúnpọ̀. Kọnkéré ni kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fún un pọ̀, akọni ni. Bí a bá fà á, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára yẹn ni ó ní. Nítorí náà ni a ṣe ń fi irin sínú rẹ̀. Joseph Monier, ará Faransé tí iṣẹ́ ọgbà jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, gba ìwé àṣẹ ní 1867 fún ìkòkò òdòdó tí a fi irin àti sìmẹ́ńtì mọ. Ní 1886 ni Matthias Koenen ti ilẹ̀ Jámánì tẹ ìṣirò jáde tí ó fi hàn pé iṣẹ́ irin ni láti gba ìfà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ tí ó ń fà ni ó gbọ́dọ̀ wà.

Ní báyìí a lè padà sí àwọn ilé wa. Bíìmù kan wà tí ó dúró lórí pílà méjì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń fà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì to irin gidi sí. Òkè kò ní ju irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, onílé rí i pé ó tẹ̀ díẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi pílà kẹta ti agbedeméjì rẹ̀. Inú ìyàwó àti ọmọ dùn, àwọn ayálégbé dúpẹ́. Ṣùgbọ́n lórí pílà tuntun yìí, bí wọ́n bá tún gbé ẹrù sí i lé e lórí, òkè bíìmù ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí fà, níbi tí irin kò ti tó. Àwọn tí wọ́n tẹ́ ọ̀wọ̀n mábù náà kò ní irin tí wọn ìbá fi sí ibikíbi. Onílé yìí ní irin, ṣùgbọ́n ó wà ní ẹ̀gbẹ́ tí kò bá a mu mọ́. Pílà kẹta kì í ṣe èèwọ̀. Ẹni tí yóò fi í síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún agbára ìtẹ̀ bíìmù náà ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ti bákónì ni ó wọ́pọ̀ jù. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré, àwọn lébìrà á máa rìn kọjá lórí irin òkè pẹ̀lú agbada kọnkéré lórí. Irin náà á máa rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń wo abẹ́ ẹsẹ̀. Bí nínípọn bákónì bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, tí irin tí ó yẹ kí ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 12 sókè láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti rọ̀ wá sí 6, àárín ìfà àti ìfúnpọ̀ ti di ìdajì, irin kan náà yóò sì máa fà ní ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ṣírò fún un. Bí ó bá rọ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ti kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ìfà, bí ẹni pé wọn kò ra irin rárá. Ìdí nìyí tí bíríkìlà tí ó mọṣẹ́ fi máa ń tẹ irin kéékèèké bí àga sí abẹ́ irin òkè, tí ó sì ń tẹ́ pákó fún àwọn tí ń ru kọnkéré láti máa gbà kọjá, tí yóò sì tún fi rúlà wọn gíga irin náà kí kọnkéré tó bò ó.